Mo Wọ Ilẹ̀ Onílẹ̀ Láìtọrọ Àyè

Àwọn àgbà a máa wí pé àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti pa á fún àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́ níwájú pátákó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Sẹ́ńtẹ́ḿbà ọdún 2023 ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń pa á bá wí. Ọjọ́ náà ni wọ́n bá èmi tíṣà, ẹni ọdún 36, bàbá ọmọ méjì, pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ojú mi là kedere, síbẹ̀ n kò rí nǹkan kan.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé láti kọ ìtàn ìtìjú mi yìí sí ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun lè kà á sí wọn létí, kí àwa tíṣà náà sì fi kọ́ ara wa kí a tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ inú igbó bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Owó ẹran ìgbẹ́ ni ó fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo sì ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọdún mẹ́jọ kí n tó rí físà Amẹ́ríkà gbà. Bí èmi, Ìyá Ayọ̀ àti àwọn ọmọ wa ṣe dé ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas nìyẹn, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Oakley. Nítorí pé ìwé ẹ̀rí mi kò tíì tó láti dá kíláàsì dì mú níbẹ̀, wọ́n fi mí ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì ń kàwé kún ìwé ní alẹ́.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Igi kò pọ̀. Koríko ni, àlìkámà ni, màlúù ni, àti afẹ́fẹ́ tí kì í sinmi.

ẸRANKO TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ AJÁ

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì tí a débẹ̀ lọ tí mo fi rí ẹranko tí ó kó bá mi yìí. Èmi àti ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀, a rí òkìtì yẹ̀pẹ̀ kéékèèké lórí pápá kan, wọ́n lọ súà títí ojú kò fi lè ká wọn mọ́. Lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan ni ẹranko kan ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró ṣánṣán, bí ọmọ tí tíṣà ní kó dìde kó dáhùn ìbéèrè. Bí a ti súnmọ́ wọn, ọ̀kan kígbe, gbogbo wọn bá já wọ ihò. Ìrù nìkan ni mo rí gbẹ̀yìn.

Mo ké sókè, mo ní, "Ìyá Ayọ̀, ikún rèé!"

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Prairie dog ni àwọn òyìnbó ń pè é, bí ìgbà tí a bá ní ajá pápá, nítorí pé igbe rẹ̀ jọ gbígbó ajá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá rárá. Ìbátan ikún àti ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Oríṣi márùn-ún ni ó wà, onírù dúdú sì ni ti Kansas. Ọ̀sán ni ó ń jáde, koríko ni ó ń jẹ, wọ́n sì ń gbé pọ̀ bí ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń pe ibùgbé wọn ní ìlú. Nígbà tí Lewis àti Clark ń rin ìrìn àjò wọn tí ó lókìkí la ilẹ̀ náà kọjá, nínú oṣù Sẹ́ńtẹ́ḿbà ọdún 1804, omi ni àwọn ènìyàn wọn ń rọ́ sínú ihò, àgbá lórí àgbá, kí wọ́n tó rí ẹyọ kan mú láàyè. Ní ọdún 1805 wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ààrẹ Jefferson, ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìkú.

Ọ̀rọ̀ ẹranko yìí kò dùn létí àwọn tí ń sin màlúù. Koríko kan náà ni òun àti màlúù jọ ń jẹ, ẹ̀rù sì ń ba onímàlúù pé ẹṣin tàbí màlúù òun lè ki ẹsẹ̀ bọ ihò kó sì dá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni òfin kan ti wà ní Kansas tí ó fún àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ lágbára láti fi májèlé pa á lórí ilẹ̀ ẹni tí kò bá pa á fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì gba owó iṣẹ́ náà lọ́wọ́ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò fẹ́ kí ó parun, nítorí pé ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé e. Òwìwí kékeré kan wà tí ó ń yé sínú ihò rẹ̀. Ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ajá pápá yìí sì ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ti rò pé ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti tán láyé, àfi ìgbà tí ajá kan gbé òkú ọ̀kan wálé fún olúwa rẹ̀ ní Wyoming ní ọdún 1981. Ní ọdún 2007 wọ́n tú díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ ní agbègbè Logan, níbi tí Oakley wà, ọ̀rọ̀ náà sì di awuyewuye láàárín àwọn onílẹ̀.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí ó bá lọ kan ilẹ̀kùn onímàlúù nítorí ẹranko yìí, àárín ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ni ó ń bọ́ sí. Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo rí ikún, ọwọ́ ọmọ ọdẹ sì ń yún mi.

ÌWÉ ÀṢẸ NÌKAN KÒ TÓ

Olùkọ́ àgbà kan nílé ìwé wa, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́, ní òun yóò yá mi ní ìbọn kékeré kan bí mo bá lè gba ìwé àṣẹ. Ní Kansas, ẹni tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Júláì ọdún 1957 síwájú gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ kí ó tó lè ṣọdẹ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo lọ. Ọmọ ọdẹ Ìsẹ́yìn jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún 12, wọ́n ń kọ́ mi bí a ti ń gbé ìbọn dání. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo sì ra láísẹ́nsì.

Nínú ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ti sọ fún wa pé bí a bá pín ilẹ̀ Kansas sí ọ̀nà 100, ó ju 95 lọ tí ó jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti ìjọba. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ṣọdẹ lórí rẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn tàbí wọn kò lẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó dájú pé wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀dà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bóyá àkókò tí mo ń wo fóònù mi lábẹ́ tábìlì ni. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú ọmọ kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí mo wí yìí, mo wakọ̀ gba ọ̀nà eléruku kan títí mo fi dé ibi tí ìlú ajá pápá ńlá kan wà lẹ́yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. N kò rí ilé, n kò rí ènìyàn, n kò rí pátákó ìkìlọ̀. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n kun àwọn òpó wáyà náà ní ọ̀dà aláwọ̀ àlùkò, irú àwọ̀ tí Bíbélì sọ pé ọkùnrin ọlọ́rọ̀ nì ń wọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn ènìyàn yìí mà fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́ o.

Kí n má purọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n Èṣù sọ fún mi pé ilẹ̀ tó lọ títí báyìí, ta ni yóò mọ̀? Pé ẹranko tí onílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ni mo fẹ́ bá a pa, ọpẹ́ ni yóò dá. Mo la wáyà kọjá, mo sì fi ikùn lé ilẹ̀ lẹ́yìn òkìtì kan.

N kò tíì yin ọta kan ṣoṣo tí mo fi gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn mi.

"TA LÓ FÚN Ọ LÁYÈ?"

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ni. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, fìlà rẹ̀ ti gbó, ajá kan tẹ̀ lé e. Mo rí ìbọn tirẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn mọ ohun tí ó lè dé bá ènìyàn dúdú tí wọ́n bá bá pẹ̀lú ìbọn níbi tí kò yẹ kó wà. Mo gbé ìbọn sílẹ̀ lórí koríko, mo kúrò nídìí rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì kí ó lè rí wọn. Ara mi ń gbọ̀n bí ewé.

Kò pariwo. Ó ní, "Ta ló fún ọ láyè?"

Mo ní, "Sà, n kò rí ilé kankan nítòsí ni."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ nípa ilé. Ta ló fún ọ láyè?"

Mo ní, "Kò sí, Sà."

Ó nawọ́ sí òpó wáyà. "O kò rí ọ̀dà yẹn?"

"Mo rí i, Sà. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni."

Ó wò mí títí. Ó wá ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé ní Kansas ọ̀dà aláwọ̀ àlùkò lára òpó tàbí igi túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀ láìní ìwé àyè tí onílẹ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Òjò a máa wẹ lẹ́tà pátákó dànù, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé pátákó lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà.

Ẹ̀yin ará mi, bí ó ti sọ̀rọ̀ yẹn tán ni ojú mi là. Ààlè ni! Ohun tí àwọn bàbá wa ń fi ṣùkù àgbàdo, àkísà àti ìkarahun ìgbín ṣe lẹ́bàá oko ni wọ́n ń fi ọ̀dà ṣe ní Kansas. Bí mo bá rí àkísà tí wọ́n so rọ̀ lẹ́nu oko kan ní Ìsẹ́yìn, ṣé màá dúró kí n máa sọ pé ẹni yìí fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́? Màá yà kúrò ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àjèjì mo rí ààlè, n kò sì mọ̀ pé ààlè ni.

Bàbá náà béèrè orúkọ mi àti ibi iṣẹ́ mi, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ mi sílẹ̀, ó ní kí n máa lọ. Bí ó bá pe ṣẹ́ríìfù, kóòtù ni. Wọ́n lè gba láísẹ́nsì lọ́wọ́ mi, kí n sì san owó ìtanràn. Fún àlejò tí ìwé ìgbé-ìlú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, ẹjọ́ kóòtù kì í ṣe eré. Kò pe ẹnikẹ́ni. Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ oore náà.

ỌMỌ KAN NÍ KÍLÁÀSÌ

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, bí àwọn ọmọ ti ń jáde lọ ṣeré, ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún 9, dúró lẹ́yìn. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó sọ ọ́, kí àwọn yòókù má baà gbọ́. Ó ní, "Tíṣà, bàbá àgbà mi ní àwọn bá yín lórí ilẹ̀ wa. Ẹ kò tọrọ ni?"

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bá ọmọ yìí kan náà wí nítorí pé ó mú pẹ́ńsù ẹlòmíràn. Ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Tọrọ kí o tó mú." Báyìí ni ó dúró níwájú mi, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òfin náà wà fún àwọn ọmọdé nìkan. Ojú tì mí ju ti ọjọ́ Sátidé lọ. Mo ní, "Rárá, n kò tọrọ. Mo ṣe àṣìṣe, màá sì lọ bẹ̀ wọ́n."

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi lálẹ́. Ó ní, "Bàbá Ayọ̀, ẹ má gbé ìbọn lọ o. Ẹ má sì lọ béèrè nǹkan kan. Ẹ̀bẹ̀ lẹ ń lọ bẹ̀. Ẹ má fi ìbéèrè kún un." Ó dín ṣinṣín, ó dì í sínú abọ́ mímọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìjọsìn, a wọ aṣọ dáadáa, a kó àwọn ọmọ wa dání, a lọ.

Ìyàwó bàbá náà ni ó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí bàbá jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Mo tẹrí ba. Mo ní, "Sà, mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ ilẹ̀ yín láìtọrọ àyè. Tíṣà ni mí, ọmọ yín sì wà ní kíláàsì mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí." N kò dárúkọ ọ̀dà mọ́, nítorí pé àwáwí ni ìyẹn.

Ó ní kí a jókòó. Ó jẹ ṣinṣín náà, ó tún bù sí i. Nígbà náà ni ó ṣí inú rẹ̀ payá. Ó ní ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn àlejò kan tí òun fún láyè fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí, màlúù jáde sí títì lóru, ọkọ̀ sì kọlu ọ̀kan. Àwọn mìíràn yìnbọn lu táǹkì omi tí màlúù ń mu. Ó mú mi lọ sójú fèrèsé, ó fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan hàn mí lókèèrè. Ó ní, "Lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn ni o dùbúlẹ̀ sí lọ́jọ́ yẹn. Ìhà ibí ni o kọ ẹnu ìbọn sí." Ẹ wòye, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé tí mo ní n kò rí, òun ni mo jókòó nínú rẹ̀ yìí, ọmọ kíláàsì mi sì ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Kí a tó lọ, ó ní òun ti foríjì mí, ṣùgbọ́n kí n má retí pé òun yóò fún mi láyè ọdẹ. Mo ní, "Ẹ ṣé, Sà." N kò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

WÁYÀ TÓ JÁ

Oṣù mélòó kan kọjá. Nínú oṣù Máàṣì ọdún 2024, lẹ́yìn ìjì kan, bàbá náà tẹ̀ mí láago. Wáyà òun ti já níbi púpọ̀, apá ọ̀tún sì ń dun òun. Ó béèrè bóyá mo lè wá bá òun di wáyà mú. Sátidé méjì ni mo fi lọ. N kò gba owó. N kò sì dárúkọ ajá pápá. A ń ṣiṣẹ́, ó ń sọ fún mi nípa bàbá tirẹ̀ tí ó máa ń fi májèlé pa wọ́n, àti bí òun kò ṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí òwìwí tó ń gbé inú ihò. Èmi náà sọ fún un nípa àwọn àgbẹ̀ ẹ̀pà nílé wa àti ikún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àṣé ẹ̀yin náà ní tiyín."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Júláì, ó fa ìwé kan yọ láti inú àpò ọkọ̀ rẹ̀. Orúkọ mi ni ó kọ síbẹ̀, ọjọ́ tí mo lè wá, ibi tí mo lè dé, ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn òfin tí ó kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí: kí n pe òun kí n tó wọlé àti nígbà tí mo bá ń lọ, kí n má mú ẹlòmíràn dání, géètì tí mo bá bá ní títì, kí n tì í, èyí tí mo bá bá ní ṣíṣí, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n má wa ọkọ̀ sórí koríko gbígbẹ, nítorí iná, kí n má kọ ẹnu ìbọn sí ìhà ilé, kí n má dé apá ibi tí òwìwí wà, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ dáàbò bo ẹyẹ náà, kí n lo ọta bàbà dípò òjé, nítorí idì tó bá jẹ òkú ẹran tí òjé wà nínú rẹ̀, májèlé ni ó jẹ, kí n ṣa gbogbo pàǹtí ọta mi.

Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ lásán kan òkú ẹran náà. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń fò lára rẹ̀, irú èyí tí a ń rí lára ajá, lè gbé àrùn burúkú kan wá, àrùn kan náà tí ó pa àìmọye ènìyàn ní Yúróòpù láti ọdún 1347 síwájú. Ó ní ìdí tí òun fi dúró di oṣù Júláì ni pé ní ìgbà ìrúwé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti inú ihò, ìyá wọn ṣì ń tọ́jú wọn, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n pa ìyá nígbà náà.

Mo lọ ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Ẹran mẹ́ta ni mo pa, mo sì dáwọ́ dúró. Ó ṣòro fún mi, kí n sọ òtítọ́. Nílé wa, ẹran tí a bá pa, ìkòkò ni ó ń lọ. Bí mo ti wo àwọn mẹ́ta náà nílẹ̀, mo rántí òwe wa: ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún kò mọ̀ pé ohun tó dùn ní ń pani. Koríko bàbá yìí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwọn. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ rẹ̀ ni, òun ni ó sì mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyókù òwúrọ̀ náà, mo kàn jókòó, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń kíra wọn, ẹnu kan ẹnu. Bí mo ti ń lọ, mo rí i pé omi ń jò nídìí táǹkì kan. Mo pe bàbá náà, mo sọ fún un iye tí mo pa àti ibi tí omi ti ń jò. Ó ní, "Ìgbà tí o bá tún fẹ́ wá, pè mí."

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ bàbá mi láago ní Ìsẹ́yìn, mo ní mo ti ṣọdẹ nílùú òyìnbó. Mo rò pé yóò béèrè irú ìbọn tí mo lò tàbí iye ẹran tí mo pa. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Àkànní, ọ̀dọ̀ ta lo ti tọrọ àyè?"

Ẹnu mi kú. Mo wá rántí pé ní gbogbo ìgbà èwe mi, bí bàbá mi bá dé abúlé tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ní kọrí sígbó kó tó lọ kí Baálẹ̀ àti Olúọdẹ. Yóò jókòó, yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀, yóò gba omi mu. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ọdẹ ní Kansas, bàbá mi ti fi hàn mí kí n tó mọ A B D. Mo dáhùn, mo ní, "Ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni, Bàbá." N kò sọ ti Sẹ́ńtẹ́ḿbà fún un. Bóyá ẹni tí yóò ka ìwé ìròyìn yìí sí i létí ni yóò sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn díẹ̀ kún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọrọ àyè lórí ilẹ̀ onílẹ̀, èkíní, kí ó tètè lọ, kí ó má dúró di ọjọ́ tí ó fẹ́ lò ó. Èkejì, kí ó lọ ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, kí ó má gbé ìbọn dání. Ẹ̀kẹta, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ó fẹ́ wá àti iye ènìyàn tí yóò wá. Ẹ̀kẹrin, bí onílẹ̀ bá ní rárá, kí ó dúpẹ́ kí ó sì máa lọ. Rárá ti òní lè di bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀la, bí a kò bá fi ìbínú bà á jẹ́. Ẹ̀karùn-ún, kí ó gba ìwé, kí ó sì mú un dání. Ẹ̀kẹfà, kí ó padà lọ dúpẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọmọkùnrin kíláàsì mi ti kọjá sí kíláàsì mìíràn báyìí. Ní ọjọ́ tí ó gbọ́ pé mo ti gba ìwé lọ́wọ́ bàbá àgbà rẹ̀, ó wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ tọrọ lọ́tẹ̀ yìí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo tọrọ." Ó mi orí, bí tíṣà tí ọmọ gba ìṣirò fún, ó sì sáré lọ ṣeré.

Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin òǹkàwé mi.